Ó Ti Lọ, Ó Ti Lọ Rí

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò Grimsby ń fi èékánná họ fèrèsé.
Yàrá kan lókè ilé ìkàwé,
ẹ̀rọ amúlé-gbóná ń wúkọ́ bí arúgbó,
àga mọ́kànlá, ènìyàn méje,
èmi ìkẹjọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì,
tí mo ń dúró kí wọ́n parí kí n lè fọ ilẹ̀.

Míìsì Thirkettle fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó:
"He has gone to sea."
"He has been to sea."
Ó nu ọwọ́ sára síkẹ́ẹ̀tì. Ta ló mọ ìyàtọ̀?

Rebwar, tó ń gé ẹja láti agogo márùn-ún ìdájí,
tí òórùn iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í,
ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọkùnrin kan, òkun kan.
Halyna mi orí.
Ó ní: Ìkejì ti gbẹ. Àkọ́kọ́ ṣì tutù.

Míìsì Thirkettle wò ó títí.
Kò sí ìwé tó wí i bẹ́ẹ̀ rí, ó ní,
ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn.
Ẹni tó lọ tí kò tíì dé,
bàtà ilé rẹ̀ ṣì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.
Ẹni tó lọ tó ti bọ̀,
òun náà ló ń ròyìn un, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀.

Tesfalem ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé: òun ti wà nínú Líbíà.
Yíǹkì pupa ti gé e. "To" ló yẹ, kì í ṣe "in".
"To" ni ti ẹni tó lọ kí ìlú, tó ra ẹ̀bùn, tó padà.
Ó ní, Màmá, mi ò lọ kí i.
Ilẹ̀kùn irin ni. Oṣù mẹ́rìnlá.
Ó fi ìka kan "to" náà, bó ṣe tín-ín-rín tó,
kò lè gba ènìyàn kan, áńbọ̀sì ọgọ́ta.
Olùkọ́ fa ìlà gba orí yíǹkì ara rẹ̀ kọjá.
Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: Ìwọ lo gbà á.

Ta wá ni ọkùnrin orí pátákó yẹn? Halyna ló béèrè.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, Míìsì Thirkettle dáhùn,
nígbà tí ọkọ̀ ìpẹja bàbá mi kọrí sí òkun yìnyín.
Bí ẹni tó ń gba owó iná bá kan ilẹ̀kùn,
màmá mi á ní, ó ti lọ sókun.
Bí àlùfáà bá dé, ó ti lọ sókun.
Kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀
títí wọ́n fi sin òun náà.
Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta rèé.
Kò gbẹ.

Ní èdè tí ìyá tèmi fi pè mí,
ọ̀rọ̀ bíńtín kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.
Ó ti lọ. Ó ti lọ rí.
Fi rí yẹn kún un, ẹni náà ti wọlé,
ó ń bọ́ ẹ̀wù òjò.
Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àmì orí rẹ̀ ṣubú sí òdìkejì,
rí á di rì,
ọkọ̀ á wọlẹ̀ lọ tòun tèrò.
Mi ò sọ fún un. Ta ni í fi irú èyí kí ènìyàn?

Wọ́n tú ká. Ó ti nu gbólóhùn kejì,
àkọ́kọ́ ṣì wà lójú pátákó.
Mo ní, ṣé kí n bá yín nù ún?
Ó ní, rárá, jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Mo ti omi káàkiri ilẹ̀.
Òórùn ẹja kò tíì kúrò lára àga Rebwar.