Òkun o

Morótì gbé e dé láti Bọ́nì nínú kúlà ẹja.
Ó ní, "Màmá, kì í ṣe òdòdó. Ẹran ni. Ó lẹ́nu."
Ẹnu ọ̀hún là sílẹ̀ lónìí, kò pa dé.
Àwọn ìka rẹ̀ tó máa ń jó nínú omi
ti súnkì, ó rọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti jáde nínú rẹ̀.

Omi òjò ni mo fi po iyọ̀ rẹ̀,
mo tọ́ ọ wò bí ẹni ń se ọbẹ̀.
Iná lọ láago méjì òru.
Mo ń fi ife bù ú, mo ń dà á padà láti òkè
kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé,
igba, igba ó lé kan,
mo gbàgbé iye.

Ní Ìsánlú níhìn-ín, bí ilẹ̀ bá mọ́,
"Òkun o" ni a fi ń kí ara wa,
àwa tí àpáta yí ká,
tí a kò tẹ etí òkun rí.
Mo fẹnu kan dígí, mo kí i.
Kò dáhùn.

Nírọ̀lẹ́ mo na edé sí i, tí kò ju èékánná lọ.
Ìka kan dì í mú.
Ìka kan ṣoṣo.
Mo pe Morótì, kò gbé fóònù.
Mo jókòó tì í, iyọ̀ gbẹ mọ́ mi lápá.