Eku Méjì Nínú Ihò Kan

Ìwé ìlànà méjì ló wà lórí tábìlì ìdáná,
ọ̀kan ru òǹtẹ̀ ife tíì, ọ̀kan ti mu òróró dòdò.
Ìdánwò àyẹ̀wò ìwé owó: ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà.
Ìdánwò ìwọ̀n ewu: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kan náà.
Àwọn tó ń jókòó sí i pọ̀ bí eéṣú;
àwọn tí báńkì ń mú, ìka ọwọ́ kan kà wọ́n tán, ó ṣì ṣẹ́ kù.

Láníyonu bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ó wo tábìlì, ó wo ojú mi, ó ní:
"Ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀."
Mo ní: "Bí eku méjèèjì bá ń gbé inú ihò kan náà ńkọ́?"
Mo fi ìka tọ́ ọ: orí méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì,
méje jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. "Márùn-ún tó kù ńkọ́?
Márùn-ún lọ́nà méjì, mẹ́wàá nìyẹn, ìyàwó mi kàṣíà."
Ó lọ sùn. Ó fi mẹ́wàá sílẹ̀ fún mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ka owó ní báńkì kan n'Íkìrun.
Òórùn lásán ni mo fi ń mọ ayédèrú náírà.
Nígbà tí mo dé Winnipeg, wọ́n ní ìrírí mi dára,
àmọ́ kì í ṣe ti ibí.
Ìwé-ẹ̀rí mi wọ àpótí, èmi wọ aṣọ olùtọ́jú,
òru márùn-ún lọ́sẹ̀, nílé àwọn arúgbó lẹ́bàá òpópónà Portage.

Níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk wà, yàrá kọkànlá,
tó ṣe kàṣíà rí ní Dauphin, kí iyè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò.
Láago mẹ́ta òru, yóò fi itọ́ rin àtàǹpàkò,
yóò máa ka owó tí kò sí.
Bó bá dé mẹ́tàdínláàádọ́ta, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀.
Mi ò mọ ẹni tó pè é lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan
tí ìdì yẹn kò fi parí láti ìgbà náà.
Lóru àná, ó na ọwọ́ òfìfo sí mi:
"Bá mi kà á."
Mo kà á. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé.
Mo kọjá mẹ́tàdínláàádọ́ta, mo dé ọgọ́rùn-ún,
mo fi rọ́bà tí kò sí dì í.
Ó sùn bí ọmọ tó yó.
Kò béèrè ìdì kejì.

Bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ gba orí afárá.
Odò méjì ló pàdé nílùú yìí, Assiniboine àti Red,
yìnyín bo méjèèjì, àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí wọn.
Ẹ wo àwòrán ilẹ̀: wọ́n jọ ṣàn gba àríwá lọ,
àmọ́ Red nìkan ló gbé orúkọ rẹ̀ dé adágún.
Mo ro ìyẹn títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là fún ọ̀kan,
àádọ́ta lé nírinwó fún èkejì,
owó ilé kò sì tíì kúrò lọ́rùn wa.
Ní ibùdókọ̀, tí àtàǹpàkò mi fẹ́ dì gbagidi,
mo san ti ìwọ̀n ewu.
Kì í ṣe pé Láníyonu ló borí, ẹ má sọ fún un.
Orí kẹjọ ló fà mí, ibi tí wọ́n ti ń béèrè
ohun tí báńkì yóò ṣe lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn
bá wá gbowó wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Mo ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo dúró sí.

Mo délé, Dúrótoyè ti ya ẹja ńlá
sẹ́yìn ìwé ìlànà kejì,
ẹja eléyín, tó dé fìlà òtútù.
Inú bí mi fún ìṣẹ́jú kan.
Lẹ́yìn náà, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì,
ẹja kọjú sí wa,
orí kìíní dé orí kejìlá kọjú sí irin.