Ìbéèrè Kẹsàn-án

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí ilé gáàsì bú,
mo wọ ojúlé kẹrìnlá, lẹ́yìn Yemẹtu,
fáìlì lábẹ́ abíyá, báírò méjì lápò.
Ìyá Fáwọlé sún àpótí sí mi.
Mo ní, "Mà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá,
ẹ̀ẹ̀melòó ni àyà yín já láìnídìí?
Òdo ni pé kò ṣẹlẹ̀ rárá. Mẹ́ta ni ojoojúmọ́."
"Òdo."
"Oorun ń kọ́?"
"Òdo, ọmọ mi."
Ìbéèrè kẹsàn-án: ṣé ọjọ́ náà máa ń padà wá síwájú ojú yín
bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀?
Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ pè é padà?
Òdo."

Bẹ́ẹ̀, bàtà ni wọ́n ń wọ̀ sùn.
Ọmọ-ọmọ wọn ló ta mí lólobó lẹ́nu ọ̀nà:
kánfáàsì, okùn rẹ̀ dì pinpin, láti alẹ́ dé àárọ̀.
Kò sí ìbéèrè kankan fún bàtà.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé.
Ọ̀gá wa ní kí n pa á rẹ́,
kọ̀ǹpútà kò mọ bàtà.

Kò kúkú mọ ohun tí Bàbá Ajíṣafẹ́ wí,
pé èèrà ń rìn nínú orí àwọn láti òru ọjọ́ náà,
èèrà dúdú, tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.
Àwa mẹ́rin jókòó ti gbólóhùn yẹn fún wákàtí kan gbáko.
Ẹnìkan ní àìbalẹ̀ ọkàn ni.
Ẹnìkan ní ká ṣáà kọ èèrà.

A dé Ẹlẹ́yẹlé náà, níbi tí ariwo ọ̀hún kò dé,
ká lè fi wọ́n wé àwọn tó dé bá.
Télọ̀ kan wà níbẹ̀, obìnrin; mẹ́ta, mẹ́ta ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀.
Kò gbọ́ ìbúgbàù kankan.
Ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá kejì, ó ń húkọ́.

Oṣù kẹfà, mo padà sí ojúlé kẹrìnlá.
Ògiri ti di tuntun. Àpótí kan náà.
Mo ka ìbéèrè kẹsàn-án bí mo ṣe kà á tẹ́lẹ̀;
ohùn ẹni kò gbọdọ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa.
Wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn títí.
"Kọ méjì."
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Dígí ló kún ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Nínú ìwé ọ̀gá wa, ó ti burú sí i nìyẹn:
òdo ti di méjì.
Inú mi dùn títí dé Mọ́kọlá
kí ojú tó tì mí.