Ojú Afẹ́fẹ́

Ìjì òru àná fọ́ gíláàsì kan nílé Thackray,
ilé ìkẹyìn lórí òkè tó dojú kọ òkun,
ní Yọ́kṣà, níbi tí òtútù ti ń bá ènìyàn jẹun.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Amos fi gun àkàsọ̀.
Àtàǹpàkò ló fi ń wá ibi tí igi ti jẹrà,
torí awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì.

Bryony, ọmọ ọmọ rẹ̀, di àkàsọ̀ mú.
Imú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá àgbà,
ta ló sọ wíńdò ní wíńdò?"

Ìṣó wà láàárín eyín bàbá. Ó kọ́kọ́ yọ ọ́.
"Àwọn tó tukọ̀ dé láti òdìkejì omi yẹn.
Wọ́n kó àáké wá, wọ́n kó ọ̀rọ̀ wá.
Àáké ti dípẹtà.
Ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ.

Ilé wọn gùn, ó ṣókùnkùn, iná ń jó láàárín;
wọn ò mọ gíláàsì, ihò kan ló wà lórùlé
tí èéfín ń bá jáde, tí atẹ́gùn ń bá yọjú.
Wọ́n dùbúlẹ̀ lálẹ́, wọ́n wo ihò náà títí,
wọ́n rí i pé àwọn kọ́ ló ń wòran.
Wọ́n pè é ní fíndáúgà:
ojú afẹ́fẹ́."

"Àwa tí wọ́n bá nílé ńkọ́? A ò ní tiwa?"

"A ní in. Ihò-ojú là ń pè é.
Ó kú. N ò gbọ́ pé ẹnìkan ṣòkú rẹ̀.
Ti àlejò ló jókòó sórí àga,
a sì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, a ń jẹ ẹ́, ó ń kúnná,
títí etí ò fi gbọ́ ojú nínú rẹ̀ mọ́."

Bryony gun àkàsọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ó ki orí bọ inú fírémù òfìfo.
Òkun mí sí i lójú. Omijé bọ́, kì í ṣe ẹkún.
"Ó ń wò mí o!"

"Wò ó padà," ni bàbá wí,
"wò ó dáadáa, kí o sì sọ fún mi bó ṣe rí."
Ó sọ: eérú, fàdákà díẹ̀, ọkọ̀ kan,
àti ohun kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Bàbá mi orí, ó na ọwọ́ sílẹ̀.
"Ó tó. Gbé gíláàsì yẹn wá.
Rọra o, etí rẹ̀ mú."