Àpótí Bàálù

Bàálù mẹ́ta ni mo fọwọ́ ara mi ṣe
láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí n lọ sinmi:
fóòmù lẹran ara wọn, rọ́bà ni iṣan wọn,
ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ aró,
ọ̀kan tí n kò tíì kùn, tó funfun bí èèpo ẹyin.
Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń sùn nílé wa ní Ìjọ̀kà.
Òrùlé jò sí pupa.
Alángbá já bọ́ láti àjà, ó balẹ̀ sórí aláró.
Ẹ̀kẹta, Fadékẹ́mi ló gbé agbọ̀n aṣọ lé e;
ó ní òun ṣe bí ìrọ̀rí ni.
N kò bínú. Mo jókòó ti apá tó kán
bí ẹni jókòó ti aláìsàn.

Àpótí ni wọ́n ń fẹ́. Àpótí wo?
Pákó wúwo, ọrùn mi ò sì gbẹrù mọ́.
Páálí ń mumi bí ọ̀mùtí, ikán sì mọ ilé rẹ̀.
Àmọ́ ike kan wà, mo ti fọwọ́ kàn án rí:
awẹ́ méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dojú kọra,
ihò gbọọrọ-gbọọrọ láàárín wọn
bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí a fi ń fa omi léwe,
bí egungun ẹyẹ tí ò ní mùdùnmúdùn.
Ohun tí yóò ṣọ́ ohun tó ń fò,
ẹ jẹ́ kó bá a tan.

Ṣé mo morúkọ rẹ̀? N kò mọ̀ ọ́n.
Mo dé Ọjà Ọba, mo fọwọ́ júwe,
wọ́n gbé páànù wá.
Mo ní ó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbé tapólìn wá.
Ní Ìsìkàn, ọmọkùnrin kan tó ń ta táìlì
bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
Mo ní, "Ilé bàálù."
Ó wo ojú mi, ó wo bàtà mi,
ó ní kí Ọlọ́run má fi ọjọ́ ogbó dán òun wò.

Akíntẹ́wẹ́ ló mọ̀ ọ́n, tó ń kọ pátákó lẹ́yìn Alágbàká.
Ó fa ẹyọ kan yọ lábẹ́ tábìlì,
mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó dún pó.
Ṣùgbọ́n iye tó pè é!
Ìdajì owó ìfẹ̀yìntì mi, èyí tí wọn ò tíì san.
Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín:
"Tíṣà, ẹ ní sùúrù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń dìbò.
Tó bá di Mọ́ńdè, èso ti pọ́n
lórí gbogbo òpó iná ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé,
kò sì ní sẹ́ni tó ń ṣọ́ oko."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde ní ìdájí, èmi àti Fadékẹ́mi,
òun ló di àkàbà mú, èmi ni mo mú abẹ.
Ẹni tó fìdí rẹmi la kọ́kọ́ ká.
Aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ.
Mo tọrọ ààyè. Ó ní, "Ẹ máa kó o lọ.
Ẹ bá mi ká èyí tó wà níwájú ilé mi mọ́ ọn,
ojú rẹ̀ ń tì mí."

Lórí tábìlì ìjẹun ni mo ti là á.
Tí abẹ bá bá ihò rìn, ó ń yọ̀ bí ọbẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n;
tó bá dábùú rẹ̀, ó ń kùn.
Awẹ́ kan ni mo gé, mo dá èkejì sí kó di ìdè,
mo tẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèlú di ìdérí,
eyín rẹ̀ mẹ́fà di ẹ̀gbẹ́,
fìlà rẹ̀ di ìsàlẹ̀, níbi tí táyà kékeré ń sinmi.
Nínú "YÓÒ DÁRA" tó kọ sábẹ́ àgbọ̀n, abẹ mú ọ̀kan;
"YÓÒ" nìkan ló ṣẹ́ kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù aláró.
"Yóò kí ni?" Fadékẹ́mi bi mí.
Mo ní, "Tí afẹ́fẹ́ bá gbà."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, òrùlé tún jò.
Omi ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀;
inú àpótí gbẹ táútáú.
Ìyàwó mi gbé agbọ̀n aṣọ dé,
ó wò mí lójú,
ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e lé e lórí.
Kò tẹ̀.