Kí Ẹnu Wáyà Lè Kò

Ẹ má bi mí léèrè ọdún tó jẹ́, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo rántí pé yìnyín bo àwọn òpó iná títí wọ́n fi tẹrí ba,
pé etíkun Niufaundilandi ṣókùnkùn biribiri,
pé ọkọ̀ ìpẹja kan ṣì wà lójú agbami,
ọmọ Hedley Strickland sì wà nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la sáré wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.
Hedley gbé rédíò rẹ̀ wá nínú àpótí ẹja.
Melvina gbé bátìrì tó tú lára ọkọ̀ rẹ̀,
fóltì méjìlá lé díẹ̀, ó kún fọ́fọ́.
Èmi gbé wáyà, ó lọ́ mọ́ mi lọ́rùn bí ìfun ẹja.

Iná wà. Rédíò wà. Ẹnu wọn ni kò kò.
Ẹnu bátìrì rí pẹlẹbẹ, ẹnu wáyà mi rí roboto,
ti rédíò ní eyín mẹ́ta
tí kò sí ihò tó lè gbà á ní gbogbo erékùṣù náà.
A fi eyín tiwa bó wáyà. A lọ́ ọ, a dì í.
Nínú òkùnkùn, Hedley fi pupa pàdé dúdú.

Èéfín kan jáde, ó tínínrín bí irun ewú.
Rédíò ogún ọdún kú láìdágbére.
Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni.
Melvina kàn ń wo bàtà rẹ̀.

Ọmọ náà tukọ̀ dé fúnra rẹ̀ ní ìdájí,
yìnyín ní ìpéǹpéjú, ètè rẹ̀ ti bó.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi bàbá rẹ̀:
“Mo pè yín títí. Kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?”

Nígbà tí yìnyín yọ́, a jókòó yí tábìlì ìdáná Melvina ká.
Mo da ike kéékèèké sílẹ̀, pupa àti dúdú,
ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó èékánná àtàǹpàkò.
Melvina ka òfin bí olùkọ́ ọmọ ìjẹ́léósinmi:
“Kọjú sí ẹnu rẹ̀. Ahọ́n lókè.
Pupa lósì, dúdú lọ́tùn-ún.
Ẹni tó bá yí i padà, kó máa lọ sílé rẹ̀.”

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: kò ní akọ, kò ní abo.
Ọ̀kan wọ inú èkejì, èkejì wọ inú ọ̀kan,
kò sí ẹni tí yóò dúró de ìyàwó kó tó ṣiṣẹ́.
A fi pílíásì tẹ irin mọ́ wáyà, a fà á gbọn-in-gbọn-in;
èyí tó bá já lọ́wọ́ wa kò ní lè já lójú ìjì.
A fi fíùsì sí i, kó wá ẹni tí yóò kú dípò rédíò.

Hedley kò gbà. Ogójì ọdún lòun ti ń lo eléyín mẹ́ta.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó mú ọ̀bẹ,
ó gé e kúrò, ó jù ú sínú ife tíì rẹ̀,
ó ní, “Pupa lósì, àbí?”

Kí á tó sọ, ó yẹ kí á so.
Àmì kékeré lábẹ́ lẹ́tà kan ló yà wọ́n,
àmì náà ló fẹ́ gbọ́mọ lọ.

Lóṣù Kẹsàn-án, obìnrin kan wọ̀lú láti Saint-Pierre,
Faransé nìkan ló ń sọ; à ń rẹ́rìn-ín síra wa bí òmùgọ̀.
Ó fa wáyà yọ nínú àpò: pupa, dúdú.
Ó nà án sí Hedley. Hedley na tirẹ̀.
Kẹ́.
Rédíò tàn.

Ife tíì yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ Melvina.
Kò sẹ́ni tó ń fi mu nǹkan.