Ètè àti Ète

Sátidé ni. Òjò Halifax ń rọ̀ bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ.
Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo fa àpótí dúdú náà jáde tòun ti eruku rẹ̀.
Ọdún mẹ́tàlélógún.
Ọmọ tí a bí lọ́dún tí mo pa á dé
ti ń wakọ̀ báyìí, ó ti ń bá mi jiyàn.

Tìróńpẹ́ẹ̀tì mi sùn sínú aṣọ àrán pupa
bí olówó tó kú.
Idẹ rẹ̀ ti ṣú. Nínú bọ́tìnnì mẹ́ta tó ní,
ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì ń mì.
Mo fi òróró máṣìnnì ìránṣọ rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀,
mo ń bẹ̀ ẹ́ bí àna tí a ṣẹ̀:
ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ti àná.

Ní Ìfàkì, Ọ̀gá Ajíbọ́yè a máa fi ṣíbí kàn wá létè:
“Ètè lẹnu ọ̀nà. Bí ètè bá dẹ̀, ohùn á sá.”
Nígbà náà ètè mi le bí awọ bàtà,
mo lè fọn orin ìsìnkú láti ilé dé ibojì
kí n má mí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.
(Mo purọ́ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni.)

Lónìí mo gbé e sẹ́nu.
Ètè mi ti gbàgbé ète mi.
Eyín iwájú, èyí tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò ní Bradford,
kò mọ idẹ náà rí; wọn ò tíì kí ara wọn.
Mo fọn ọ́n:
atẹ́gùn jáde, atẹ́gùn nìkan,
bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mi bá ṣí
níbi tí ẹnì kankan ò dúró sí.
Mo tún fọn ọ́n. Màlúù kan ké nínú yàrá mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi dáwọ́ dúró.
Kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́,
bó tilẹ̀ jẹ́ ohun tí mo ń sọ fún wọn nílé nìyẹn.
Ní Leeds ni, nínú yàrá kan tó há bí ìbọ̀sẹ̀,
ẹnì kan fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà ilé rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.
N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò rí ojú rẹ̀ rí.
Gbá, gbá, gbá:
mo pa àpótí dé, bí ẹni pa ẹnu ara rẹ̀ dé.

Mo wá ń fọn ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ sínú ìrọ̀rí
títí ohùn kan fi yọ. Kò dára. Ó ń gbọ̀n,
ṣùgbọ́n mo dá a mọ̀
bí èèyàn ṣe ń dá ikọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ lókùnkùn.
Ìlà kejì ni mo fẹ́ bọ́ sí
tí ògiri fi dáhùn: gbá, gbá, gbá.

Mo gbé e lé itan. Mo jókòó, mo ń gbọ́ òjò.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè mo bá Mísíìsì Hinchliffe níta, ó ń da ìdọ̀tí nù.
Mo ti to àforíjì sẹ́nu bí ẹni to owó ọkọ̀ sọ́wọ́.
Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: kí n má bínú sí ariwo àná,
ìṣó ló ń kàn, fọ́tò ọkọ rẹ̀ ló já bọ́.
Ó wá wò mí. “Ṣé ìwọ lò ń sin màlúù?”
Mo ní èmi ni.
Ó ní ó kù díẹ̀ kó dùn.

Lálẹ́, mo gbé ìrọ̀rí kúrò.
Ètè mi wú bí àkàrà. Bọ́tìnnì kejì ṣì ń há.
Mo fọn ìlà àkọ́kọ́, mo sinmi, mo tún un fọn.
Ìlà kejì di ọ̀la,
tí mo bá ti dá bọ́ọ̀sì padà.